Àwọ̀n Tí Wọ́n Ká Nítorí Irọ́ Mi

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú ìnira, ẹ kú àfaradà ọmọ tí ẹ bí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níbi tí mo wà yìí, mo sì mọ̀ pé ẹ kò tíì ní kí n dìde. Ìyá mi, ẹ kú ilé o, ẹ kú ẹkún tí kò yẹ kí ẹ sun. Bàbá Kékeré, ẹ̀yin àbúrò bàbá mi tí ẹ tún jẹ́ bàbá fún mi, mo júbà. Bọ́sẹ̀dé, àbúrò mi, ìwọ lo máa ka ìwé yìí sí wọn létí. Jọ̀wọ́, má fo ìlà kankan. Ibi tí ojú bá ti ń tì ọ́ láti kà, ibẹ̀ gan-an ni kí o ti gbé ohùn sókè. Ẹ̀yin ará abúlé wa lápapọ̀, láti ojú òkun títí dé ìdí afárá pákó, àti ẹ̀yin èèyàn wa ní Ayétòrò, ní Awoye, ní Òde-Ugbò, tí ọ̀rọ̀ yìí ti dé etí yín, mo kí yín pẹ̀lú ìtìjú.

Kí n má fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Èmi Rótìmí ni mo sọ fún gbogbo ayé pé òkun ti gbé bàbá mi lọ. Òkun kò gbé yín, Bàbá. Ẹ wà nílé, ara yín le, ẹ ń jẹ púpurú yín, ẹ ń bínú sí mi, ìbínú yín sì tọ́. Mo mọ̀ pé ìwé ọmọ sí bàbá kì í ṣe ohun tí à ń gbé síta fún tajá-tẹran kà. Ṣùgbọ́n gbangba ni mo ti purọ́ mọ́ yín, n kò lè wá máa bẹ̀bẹ̀ ní kọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí iṣẹ́ mi, torí ibẹ̀ ni irọ́ náà ti wá. Ẹ rántí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún yín lórí fóònù. Mo ní kóòṣì ni mí, pé mò ń kọ́ àwọn eléré ìdárayá bí ara wọn yóò ṣe lágbára, tí iṣan wọn yóò fi le, tí oríkèé wọn kò fi ní yẹ̀ lórí pápá. Ẹ bi mí pé kí ni mò ń fún wọn gbé. Mo ní irin ni. Ẹ bi mí pé níbo ni wọ́n ń gbé irin náà lọ. Mo ní ibi tí wọ́n ti gbé e náà ni wọ́n ń dá a padà sí. Ẹ rẹ́rìn-ín títí, ẹ ní ṣé wọ́n tún ń sanwó fún ìyẹn? Ẹ ní kí n sọ fún wọn pé kí wọ́n wá bá yín gbé ẹ́ńjìnnì àti gálọ́ọ̀nù epo ní Igbókòdá, pé ọ̀fẹ́ ni ẹ máa gbà wọ́n láyè. Mo bá yín rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi bàjẹ́ díẹ̀, torí mo fẹ́ kí ẹ lè máa fi mí yangàn.

Iṣẹ́ gidi ni, Bàbá. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, èmi ni mò ń fi omi ọṣẹ nu àga tí àwọn èèyàn ti làágùn sí ní jíìmù ńlá kan. Bí mo bá nù ún tán, màá dúró ní igun kan, màá máa wo bí àwọn kóòṣì ibẹ̀ ṣe ń ṣe é. Nígbà tó yá, mo wọ iléèwé, mo kọ́ nípa eegun àti iṣan, mo gba ìwé ẹ̀rí. Ọkàn mi ni pé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan tàbí iléèwé kan yóò gbà mí síṣẹ́, tí n óò máa gba owó oṣù bí èèyàn gidi. Mo kọ ìwé títí, wọn kò pè mí. Ni mo bá dá tèmi sílẹ̀. Mo háyà àyè kan lábẹ́ afárá ọkọ̀ ojú irin ní ìlú Leeds, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Bí ọkọ̀ bá ń kọjá lókè, gbogbo irin tó wà nílẹ̀ á máa gbọ̀n, omi á sì máa kán sí wa lọ́rùn.

Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí fún ara rẹ̀, kò sí ẹni tó máa wá a wá. Òun ló máa wá oníbàárà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń fi ìwọ̀ pẹja. Mo rí ọmọkùnrin méjì tó ń gbá rọ́gíbì. Mo rí ọmọbìnrin kan tó ń fi ìlúwẹ̀ẹ́ díje, tí àwọn òbí rẹ̀ ń sanwó fún un. Mo rí lọ́yà kan tí ẹ̀yìn ń dùn, àti arábìnrin olùkọ́ kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bọ̀ níwájú. Ọdún méjì gbáko, wọn kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ máa ń bi mí nípa òtútù, mo máa ń ní kò burú. Irọ́ nìyẹn náà. Lóṣù Kejìlá, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kò tíì lù tí ilẹ̀ fi ń ṣú. Òjò ibí kì í rọ̀ kó dá bíi tiwa, ó kàn máa ń ṣẹ̀ wìnnìwìnnì látàárọ̀ dalẹ́. Bí oníbàárà ìkẹyìn bá ti lọ, n kì í gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni mọ́ títí di ọjọ́ kejì. Lọ́jọ́ Sunday, mo lè má la ẹnu sọ̀rọ̀ rárá àfi ìgbà tí mo bá ń gbàdúrà. N kò sọ èyí kí ẹ lè káàánú mi. Mò ń sọ ọ́ torí pé ẹni tí kò bá rí èèyàn bá sọ̀rọ̀ ni í máa bá fóònù sọ̀rọ̀, orí fóònù ni mo sì ti ṣìnà.

Àwa kóòṣì tó wà nílùú yìí pọ̀ bí edé. Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò, orí fóònù ni wọ́n sì ti ń polówó níbí. O máa ya fídíò ara rẹ, o máa sọ ìtàn ara rẹ, ẹni tí ìtàn rẹ̀ bá wọ àwọn èèyàn lára ni wọ́n máa wá bá. Ohun kan ṣoṣo ni mo ní tí àwọn yòókù kò ní, ẹ̀yin ni ẹ sì fún mi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ bá yín fa àwọ̀n, tí ìbàdí fi ń ro mí, ẹ gbá mi ní gìgísẹ̀, ẹ ní ẹsẹ̀ ni a fi ń fa àwọ̀n, ọwọ́ kàn ń dì í mú ni. Mo so okùn ọkọ̀ mọ́ irin, mo ní kí àwọn oníbàárà mi ta ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, kí wọ́n máa fà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí àwọ̀n bá kún. Ó ṣiṣẹ́ fún wọn. Lọ́yà tí ẹ̀yìn ń dùn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọmọ rẹ̀ kọ́ èjìká. Wọ́n bi mí pé ta ló kọ́ mi. Mo ní bàbá mi ni, apẹja ni, ní etíkun Ìlàjẹ. Ì bá dára ká ní mo dúró síbẹ̀.

Ọkùnrin kan wà tó ń bá àwa oníṣòwò kéékèèké polówó ọjà. Ó ní ìtàn mi dára, àmọ́ kò tíì tó tà. Mo sọ fún un pé òkun ti jẹ ilé tí wọ́n bí mi sí, pé ibi tí ìyá mi ti ń sá ẹja, ọkọ̀ ló ń gba orí rẹ̀ kọjá báyìí. Òótọ́ ni, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní ilé kì í pa èèyàn lẹ́kún, pé ta ni òkun gbé nínú ilé náà? Mo ní kò gbé ẹnì kankan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ni mo bá ní bàbá mi lọ sókun, kò padà wá. N kò mọ ìgbà tó jáde lẹ́nu mi.

Ẹ wò ó, irọ́ ni ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn. Mo mọ ìgbà tó jáde lẹ́nu mi. Mo ti ń rò ó láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn kí n tó lọ bá a. Bọ́sẹ̀dé, má yọ ọ́ kúrò, jẹ́ kí wọ́n rí bí ẹnu mi ṣe ti bàjẹ́ tó.

A ya fídíò. Mo jókòó lórí pákó tí a ń dùbúlẹ̀ lé gbé irin, mo sọkún. Ẹkún náà kò ni mí lára láti sun, torí ó ti pé ọdún mẹ́fà tí mo rí yín gbẹ̀yìn. Àwọn oníbàárà rọ́ wá. Mo háyà àyè kejì mọ́ ti àkọ́kọ́. Ẹ̀yin náà jẹ nínú rẹ̀, Bàbá, ẹ kò sì mọ̀. Ẹ́ńjìnnì tuntun tí mo ní kí ẹ rà, tí ẹ fi ń ṣàdúrà fún mi láàárọ̀ lálẹ́, inú owó ikú yín ni mo ti mú un.

Fídíò náà wà lórí fóònù fún oṣù bíi mẹ́rin kó tó dé Igbókòdá. Bọ́sẹ̀dé ló rò ó fún mi bí ó ṣe lọ. Dípọ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá wa, tó ń ta epo ọkọ̀ ní èbúté, ló kọ́kọ́ rí i. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra epo lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ márùn-ún sígbà náà, ẹ fi ọkọ̀ kékeré lọ bá ọ̀rẹ́ yín ní àgọ́ apẹja tó jìnnà, níbi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò dé. Ẹ̀yin nìkan lẹ lọ, torí àwọn méjì tó ń bá yín fa àwọ̀n ń tún ọkọ̀ ńlá ṣe nílé. Dípọ̀ mọ̀ pé ẹ kò tíì padà. Ó wá rí ọmọ yín tó ń sunkún lórí fóònù pé òkun gbé bàbá òun. Kò sí ọjọ́ lára fídíò náà, ó rò pé tòní ni.

Ẹlòmíì á ní kí ló dé tí ẹni tó wà nílùú òyìnbó fi máa gbọ́ ṣáájú ará ilé. Àmọ́ ẹ mọ bí tiwa ṣe rí. A kì í tú irú ọ̀fọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìyàwó ilé lákọ̀ọ́kọ́. Ọmọ tó jìnnà ni wọ́n á kọ́kọ́ pè, kó lè múra, kó lè gbé ọkàn le. Dípọ̀ gbà pé wọ́n ti pè mí, pé ìyá mi ni wọ́n ṣì ń fi pamọ́ fún. Kò yà sọ́dọ̀ ìyá mi rárá, ọ̀dọ̀ Bàbá Kékeré ló gbà lọ.

Bàbá Kékeré, ẹ pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́jọ́ yẹn. Mo rí i. Mo rò pé owó ni ẹ fẹ́ tọrọ, mo bá da ojú fóònù dé. Ẹ̀yin ní ọ̀fọ̀ ló wọ̀ mí lára tí n kò fi lè sọ̀rọ̀, ẹ tilẹ̀ ń káàánú mi. Mo gbọ́ pé ẹ ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, kí wọ́n má dà mí láàmú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí tí ẹ kì í ṣe ará omi, ẹ lè má mọ ohun tó kàn. Ní abúlé wa, bí òkun bá gbé ẹnìkan, àwọ̀n kankan kò gbọdọ̀ wọ omi mọ́. Gbogbo apẹja á ká àwọ̀n wọn, wọ́n á fi kọ́ òpó ilé, títí wọn yóò fi rí òkú náà tàbí tí àwọn àgbà yóò fi ní ó tó. Ìgbà tí edé ń jáde gan-an ni, ìgbà tí apẹja kì í fẹ́ sùn. Wọ́n ká a. Ọkọ̀ mẹ́rin jáde lọ wá òkú yín lójú òkun, wọn kò dé àgọ́ ọ̀rẹ́ yín, torí ọmọ yín fúnra rẹ̀ ló ní òkun ti gbé yín. Epo tí wọ́n fi pamọ́ fún iṣẹ́ ara wọn ni wọ́n fi wá a. Kò sẹ́ni tó sọ ohunkóhun fún ìyá mi. Ó jí láàárọ̀ kó lọ dá iná sí ààrò ẹja, ó rí àwọ̀n lára òpó gbogbo ilé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ọkùnrin abúlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin nìkan ni kò rí. Bọ́sẹ̀dé ní kò pariwo, ó jókòó sórí pákó, ó ní kí wọ́n bá òun wá aṣọ dúdú.

Ọjọ́ kẹta ni ẹ dé. Ẹ̀yin náà ti rí àwọ̀n lára òpó láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ kò mọ ẹni tó kú, àmọ́ ẹ mọ̀ pé ẹnìkan kú. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ ṣí fìlà, ẹ ká àwọ̀n tiyín náà sí iwájú ọkọ̀, ẹ wá ń fi àjẹ̀ wà á bọ̀ jẹ́jẹ́. Nígbà tí ẹ dé ìdí afárá, ẹ kí wọn kú ọ̀fọ̀, ẹ bi wọ́n pé ta ni. Bàbá Kékeré ló wọ omi dé orúnkún, tó di ọkọ̀ yín mú, tó sọ fún yín pé ẹ̀yin ni.

Bàbá, ibi tó ń dùn mí jù nìyẹn. Ẹ ṣí fìlà fún òkú tí ẹ kò mọ̀. Èmi tí mo mọ̀ pé ẹ wà láàyè, mò ń fi òkú yín jẹun.

Wọ́n ní ẹ ní kí wọ́n fi fídíò náà hàn yín. Ẹ wò ó dé òpin, ẹ ní kí wọ́n tún un gbé sí i, ẹ tún wò ó, ẹ wọlé. Lọ́jọ́ kejì, ẹ tú ẹ́ńjìnnì tuntun náà kúrò lẹ́yìn ọkọ̀, ẹ fi tapólì bò ó lẹ́yìn ilé. Gbogbo ìgbà tí mo pè, Bọ́sẹ̀dé ló ń gbé e. Ó ní ẹ ní kí n kọ́kọ́ sin yín tán ná, kí n tó máa pè yín.

Èyí tó wá burú jù ni pé àwọn méjì tó ń bá yín fa àwọ̀n kò bá yín lọ mọ́. Wọn kò fi ṣe ìwọ̀sí. Ọ̀kan ní ara òun kò yá, èkejì ní ìyàwó òun kò gbà. Kò sí apẹja wa tó fẹ́ wọ ọkọ̀ kan náà pẹ̀lú ẹni tí wọ́n ti ká àwọ̀n fún. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ṣe wá ń dá pẹja nínú odò lẹ́yìn ilé bí arúgbó, ẹ̀yin tí àwọn ọ̀dọ́ ń tẹ̀ lé lọ sójú agbami. Àwọn àgbà ti jókòó lé e. Wọ́n ní ètùtù kọ́, owó kọ́. Wọ́n ní ẹnu tó pè yín lókùú ni yóò pè yín ní alààyè, ní etí gbogbo ẹni tó gbọ́ ti àkọ́kọ́. Bí mo bá ṣe é, àwọn méjèèjì yóò padà sínú ọkọ̀. Bí n kò bá ṣe é, mo ti lé bàbá mi kúrò lójú òkun nìyẹn.

Mo ti ṣe ti ìhín. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, mo ní kí gbogbo wọn gbé irin sílẹ̀, mo sọ fún wọn pé bàbá mi kò kú rí. Lọ́yà rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Àwọn òbí ọmọbìnrin tó ń lúwẹ̀ẹ́ mú ọmọ wọn lọ. Wọ́n ní ẹni tó lè ta bàbá rẹ̀ ní òkú, kí ni kò lè sọ nípa eegun ọmọ àwọn. Arábìnrin olùkọ́ yẹn, odò gbé bàbá tirẹ̀ ní tòótọ́ nígbà tó wà lọ́mọdé. Ìtàn mi ló mú un sọ tirẹ̀ fún mi. Ó sọ fún mi nígbà kan pé èmi nìkan ni òun rí tó mọ bó ṣe ń rí kí èèyàn máa retí ẹni tí kò ní dé. Mo mi orí fún un, Bàbá. Mo tiẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú. Ní Sátidé yẹn, ó ká aṣọ ìnura rẹ̀ dáadáa, ó fi sínú àpò, ó jáde láìwo ojú mi.

Mo ti yọ fídíò àtijọ́ náà. Mo ya òmíràn ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní Yorùbá, mo fi sí ibi tí mo fi ti àkọ́kọ́ sí. Ọkùnrin tó ń bá mi polówó sọ pé mo ti fi ọwọ́ ara mi pa òwò mi. Mo ti dá àyè kejì padà fún onílé. Àwọn ọmọ rọ́gíbì méjèèjì ṣì ń wá fa okùn, àmọ́ wọn kì í bá mi tàkúrọ̀sọ mọ́. N óò wá mọ̀ báyìí bóyá mo mọ iṣẹ́ náà láìsí òkú lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà abúlé wa, ẹ̀yin ìyàwó àwọn apẹja tí ẹ̀rù ń bà, ẹ gbọ́ ọ láti ẹnu tó ba nǹkan jẹ́. Irọ́ ni mo pa. Òkun kò mọ̀ nípa rẹ̀, kò bá yín dá májẹ̀mú kankan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọkọ yín bá bàbá mi wọkọ̀.

Bàbá, n kò tọrọ ìdáríjì. Ìyẹn di ìgbà tó bá wù yín, bí kò bá sì wù yín láéláé, n kò ní ẹjọ́ rò. Lọ́jọ́ Sunday tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìsìn, n óò pe fóònù Bọ́sẹ̀dé. Ẹ kàn gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má dá mi lóhùn, ẹ ṣáà wúkọ́ sí i. Mo ti sọ fún àwọn èèyàn pé ẹ ti kú débi pé nígbà míì, bí mo bá ń ti irin síbi tó yẹ, màá gbàgbé, màá rò pé òótọ́ ni. Mo fẹ́ gbọ́ yín kí n lè mọ̀ dájú.

Ẹ bá mi kí Ìyá Àgbà, ẹ bá mi kí Dípọ̀, ẹ sọ fún un pé kò ṣe mí ní ohun kan. Ẹ kí Àlájì tó gbé búrẹ́dì fún àwọn tó ń wá òkú yín. Ẹ kí gbogbo ẹni tó ká àwọ̀n rẹ̀ fún wa nígbà tí edé ń jáde, Ọlọ́run yóò dá ohun tí wọ́n pàdánù padà fún wọn ní ìlọ́po. Ẹ óò pẹ́ kánrin, Bàbá. Àlọ yín á dára, àbọ̀ yín á sunwọ̀n. Ìyá mi kò ní wọ aṣọ dúdú nítorí yín títí ọjọ́ orí yín yóò fi kún.

Èmi ni Rótìmí, ọmọ yín, ẹni tí bàbá rẹ̀ kò kú.